Ògiri Ẹ̀yìnkùlé àti Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kẹta

Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹta

Ilẹ̀ tún ya lẹ́yìnkùlé. Kò pọ̀, bí ẹ̀kún bárò méjì. Ṣùgbọ́n ó dé ibi ìfọṣọ, ó sì gbé bàtà Gáàsì ẹsẹ̀ kan mì.

Gáàsì ni mò ń pe ọkọ mi níbí, torí sílíńdà gáàsì ló ń gbé gun òkè kiri láti àárọ̀ dalẹ́. Joelson lorúkọ rẹ̀. Kò mọ̀ pé mo ní ìwé tí mò ń kọ nǹkan sí.

Mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà láti ìdí òkè dé ara yàrá ẹ̀yìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ̀yìn ògiri yàrá yẹn gan-an ni ibùsùn Hóró wà. Oṣù mẹ́jọ ni Hóró. Maísa la sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kéré nígbà tí mo bí i, ó le, bí hóró àgbàdo. Èmi nìkan ni mò ń pè é bẹ́ẹ̀.

Òjò gidi ò ní pẹ́ dé Recife mọ́, bóyá oṣù kan. A máa mọ ògiri tó máa di òkè yìí mú. Gáàsì ti gbà. Ó ku ká mọ ohun tá a máa fi mọ ọ́n.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 oṣù Kẹta

Bàbá Lourival wá wo ilẹ̀. Bíríkìlà àtijọ́, ọ̀rẹ́ bàbá mi — àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ mọ ìdajì ilé tó wà lórí òkè wa. Ó gun ẹ̀yìnkùlé lọ bí ewúrẹ́, bẹ́ẹ̀ orúnkún ń dùn ún. Ó bu erùpẹ̀, ó fún un lọ́wọ́. Omi jáde. Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ o.

Ó ní ohun mẹ́ta ló wà. Òkúta: kò sóhun tó dà bí i, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ló wà láti títì dé ẹnu ọ̀nà wa, ọkọ̀ kankan ò lè gòkè, ta ló máa rù ú? Búlọ́ọ̀kù: ó fúyẹ́, kò gba àyè, a lè tò ó síwájú òkè láì fọwọ́ kan òkè. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n máa ti òun, ilẹ̀ tó bá sì mu omi yó, kó máa ti nǹkan niṣẹ́ ẹ̀. Táyà: a ó tò ó bí ìpẹ́ ẹja, ọ̀kan á gun èjìká méjì, a ó rọ erùpẹ̀ kún inú ẹ̀, a ó gún un títí á fi le, gbogbo rẹ̀ á fẹ̀yìn ti òkè. Omi á máa rí àárín ẹ̀ gbà jáde. Táyà lòun fọwọ́ sí.

Ohun kan ṣoṣo — táyà fẹ̀. A gbọ́dọ̀ gé òkè wọlé ní ìṣísẹ̀ méjì kó tó ríbi jókòó. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀gẹ̀dẹ̀ bàbá mi máa kúrò níbẹ̀, tigi tìdí.

Mo ní ṣebí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń di ilẹ̀ mú. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn.

"Ọmọ mi, omi ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń mu, kì í di nǹkan kan mú. Gbòǹgbò ẹ̀ ò jìn ju ìgbọ̀nwọ́ mi yìí lọ. Gbogbo wa la gbìn ín sórí òkè yìí tá a rò pé ó ń ṣọ́ wa. Bàbá ẹ gbìn ín, èmi náà gbìn ín."

Mo ní a máa rò ó.

Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹta

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ márùn-ún. Ẹ̀kẹta ni ti Caíque.

Ọjọ́ Ẹtì, 15 oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bóyá àyà mi á fúyẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bí Caíque. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló lò láyé. Ìwọ́ rẹ̀ já lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá. Bàbá mi fi òwú wé e, ó ní òun ń lọ rì í sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹta, kọ́mọ náà lè mọ̀nà ilé níbikíbi tó bá rìn dé. Nígbà tó padà wọlé, amọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ó ní, "Ó parí, Lene. Ó ti di ọmọ òkè." Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tá a fi gbé ọmọ náà sínú pósí funfun tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ.

Ibojì àwa tálákà kì í ṣe tiwa títí láé. Ọdún méjì ni. Tó bá pé, wọ́n á ṣí i, ẹbí á wá gba egungun òkú wọn. Tẹ́bí ò bá wá, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Nígbà tí ti Caíque pé, bàbá mi ti kú láti oṣù mẹ́fà. Oyún Hóró wà nínú mi, ẹ̀jẹ̀ ń dà, wọ́n dá mi dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Màmá ò rántí. Gáàsì ò rántí. Èmi rántí — ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tó ti kọjá. Ọkùnrin ibi ìsìnkú nawọ́ sí ògiri gígùn kan tí wọ́n ń kó egungun sí nínú, ó ní, "Inú ibẹ̀ yẹn ló wà, ìyá ọmọ." Gbogbo ara ògiri yẹn ló ń nawọ́ sí. Mi ò mọ ibi tí màá gbójú lé.

Nítorí náà ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ló kù fún mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí. Mo máa ń sọ ohun tá a jẹ fún un. Nígbà tí Hóró hu eyín àkọ́kọ́, mo ti sọ fún un kí n tó sọ fún Gáàsì.

Wọ́n ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, ọmọ ẹ̀ ló ń rọ́pò ẹ̀. Tèmi, ọmọ ló lọ. Ìyá ló wà lóòró.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹta

Mo purọ́ lónìí.

A wà nílé Màmá lẹ́yìn ìsìn. Gáàsì wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín dé etí. Fọkanáísà tó wà nísàlẹ̀ òkè ti gbà láti fún un ní táyà ọgọ́rin, lọ́fẹ̀ẹ́, ó kàn ní ká wá kó pàǹtí òun kúrò níwájú òun. Gáàsì ti ń ṣètò bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe máa yí i gòkè.

Mo ní mi ò fẹ́ táyà. Mo ní ẹ̀fọn. Mo ní ṣé ó ti gbàgbé ọdún tí ẹ̀fọn ba àwọn ọmọ inú jẹ́ káàkiri ìlú yìí, tí ìjọba ń wọ ojúlé kiri tí wọ́n ń da omi inú táyà nù. Mo ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ibùsùn Hóró.

Bàbá Lourival ti sọ fún mi pé táyà tí erùpẹ̀ kún kò ní àyè tómi máa dúró sí. Mo gbọ́ ọ ketekete.

Gáàsì wo Hóró tó ń jó lórí itan Màmá. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní ó dáa, búlọ́ọ̀kù náà ni, òun á wá bí òun á ṣe rà á.

Mo fi ọmọ kan purọ́ nítorí ọmọ kan. Màmá ń di Hóró mú. Ó wò mí, ó sì sọ ojú sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 oṣù Kẹta

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Jósẹ́fù Mímọ́. Lọ́nà oko, inú wọn á máa dùn — òjò òní, àgbàdo á yè. Àwa ń wòkè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 23 oṣù Kẹta

Wọ́n ru búlọ́ọ̀kù gòkè láti àárọ̀. Bàbá Lourival gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀, ó to ìlà àkọ́kọ́. Ó fi páìpù sí ìsàlẹ̀ kómi lè máa jáde. Kò fi ojú burúkú wò mí, ṣùgbọ́n ó ní òun máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Búlọ́ọ̀kù lè gba ilẹ̀ gbígbẹ mọ́ra. Ilẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ hú u kí oṣù Kẹrin tó wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má wá kí mi kú iṣẹ́."

Mo ní a máa hú u, bàbá. Ẹnu mi ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa máa yẹ ògiri wò. So irin kékeré mọ́ òwú, fi òwú sọ̀ láti orí ògiri. Bí òwú àti ògiri bá jọ ń lọ dé ilẹ̀, àlàáfíà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 24 oṣù Kẹta

Àwọn ará òkè wá bá wa ṣe é parí. Bá a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn: ẹni tó wá ṣiṣẹ́ kì í gba nǹkan, onílé á bọ́ ọ yó. Màmá se ẹ̀wà pẹ̀lú ẹran gbígbẹ, ìkòkò méjì. Dona Quitéria tó ń gbé lókè wa — Rédíò ni mò ń pè é, kì í pa — jókòó sórí àga láti àárọ̀, kò gbé búlọ́ọ̀kù kan, ó ń pàṣẹ. Bàbá Lourival bi í pé ilé-iṣẹ́ wo ló gbà á síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ Ojú Mi ni. Ojú mi sì ti rí i pé apá òsì yẹn wọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Lourival fi òwú sọ̀ ọ́. Apá òsì wọ́ lóòótọ́. Wọ́n tú ìlà kan, wọ́n tún un tò. Rédíò gba àwo ẹ̀wà kejì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́.

Nírọ̀lẹ́ ògiri dé àyà mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ márààrùn-ún dúró lẹ́yìn ẹ̀, ewé wọn ń yọjú bí àwọn ọmọ tó ń yọjú lójú fèrèsé. Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sẹ́ ẹ lọ́jọ́ iwájú.

Ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹrin

Bàbá Lourival béèrè ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 oṣù Kẹrin

Ọjọ́ kẹta òjò. Omi pupa ń jáde lẹ́nu páìpù ní àárọ̀. Ní ọ̀sán kò jáde mọ́. Òjò ò dá o. Omi ló dá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 oṣù Kẹrin

Mo fi òwú sọ̀ ọ́. Ní àárín, òwú fara kan ògiri. Ní ìsàlẹ̀, àyè ìka kan wà láàárín wọn. Mo tún un sọ̀ níbòmíràn. Ìka kan.

Bóyá mi ò mọ̀ ọ́n lò dáadáa.

Ọjọ́bọ̀, 11 oṣù Kẹrin

Ìka méjì. Mo mọ̀ ọ́n lò.

Ògiri ti yọ ikùn, bí èmi ní oṣù karùn-ún. Mo gbé ibùsùn Hóró lọ sí yàrá iwájú. Gáàsì bi mí ìdí. Mo ní ooru ni.

Tí mo bá sọ fún un, a ó hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́la. Tí mi ò bá sọ — mo mọ ohun tó kàn. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ń fọ aṣọ níbẹ̀ lónìí, mo kẹ̀yìn sí i.

Irú ìyá wo ni mí.

Ọjọ́ Àìkú Ọ̀pẹ, 14 oṣù Kẹrin

Bàbá Lourival mú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n bù kún ní ṣọ́ọ̀ṣì wá fún Hóró. Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo wà ní ìdáná, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ dúró.

Kò pariwo. Ó pe Gáàsì jáde, ó gbé ọwọ́ lé ikùn ògiri náà. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ kúrò nínú yàrá ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀. Gáàsì sáré wọlé, ó dúró láàárín yàrá tó ṣófo. Ooru tí mo sọ. Mo rí i bó ṣe ń ye é, díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "O ti mọ̀."

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ẹ̀fọn, òwú, ìka méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹta. Mo rò pé ó máa bínú. Ó jókòó sórí sílíńdà òfìfo kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá orí mú.

"Èmi náà ni mo bí i, Lene."

Ó ní ojoojúmọ́ tí òun bá gbé gáàsì gba ẹ̀yìn ibi ìsìnkú yẹn, òun máa ń ṣí fìlà. Ó ní òun rò pé èmi ni mi ò fẹ́ ká máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọdún mẹ́ta tá a fi jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan.

A ti kó lọ sílé Màmá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 oṣù Kẹrin

Wọ́n fẹ́ hú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo sọ fún Màmá pé èmi ni màá hú ẹ̀kẹta, kẹ́nikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì kan ibẹ̀, ọwọ́ mi ni màá fi wá a, bó bá ku òwú nìkan màá rí i.

Màmá ń ká aṣọ. Ó ká súwẹ́tà Hóró kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní kí n jókòó.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò fìgbà kan sí níbẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi gbẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́. Ilẹ̀ náà rọ̀ bí ògì, ó sì rí ihò eku méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ta ni ò mọ̀ pé bí eku bá jẹ ìwọ́ ọmọ, olè lọmọ náà máa dà. Ó wá fi í sínú agolo aṣáà ẹ̀, ó ní òun á wá ilẹ̀ tó le. Mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ti ń rẹ́rìn-ín, ó rí mi, ó ní ó parí. Ó rò pé ọjọ́ méjì òun á ti ríbi rì í sí. Lọ́jọ́ kejì ara ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Lẹ́yìn náà kò lè sọ ọ́. Agolo yẹn wà ní àpò àyà ẹ̀ títí ó fi kú. Mo rántí agolo náà. Mo máa ń bá a jà pé aṣáà á pa á. Màmá ló fi í sí àpò kóòtù tá a fi sin ín.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́dún mẹ́ta.

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn nìkan lo ti ń jẹun nígbà náà. Bá ò bá gbé àwo wá síbẹ̀, o ò ní jẹ. Ṣé kí n wá fa àga kúrò lábẹ́ ẹ?"

Mo jáde, mo sì padà wọlé, torí kò síbi tí mo lè lọ.

Ọdún mẹ́ta tí mo fi ń bá eku sọ̀rọ̀. Nítorí ilẹ̀ òfìfo ni mo ṣe gbé ọmọ tó wà láàyè síbi tí òkè ti lè wó lù ú.

Ilẹ̀ rọ̀ jù. Bàbá mi mọ̀. Ó ti fọwọ́ ara ẹ̀ kàn án.

Ọjọ́bọ̀, 18 oṣù Kẹrin

Mo gé ẹ̀kẹta fúnra mi. Àdá wọ inú ẹ̀ bí ẹni gé omi. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Omi ẹ̀ dà sí mi láṣọ, kò sì ní bọ́ láéláé, gbogbo ìyàwó ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gáàsì gé mẹ́rin yòókù. Ilẹ̀ ṣú ká tó dé ìdí gbòǹgbò.

Ọjọ́ Ẹtì Rere, 19 oṣù Kẹrin

Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kan irin lónìí. Àdá àti ṣọ́bìrì dúró ti ògiri. Màmá se ẹja nínú omi àgbọn. A ń bára wa sọ̀rọ̀, èmi àti ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ata nìkan ni.

Mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé. Láàárín kùkùté kọ̀ọ̀kan, ọkàn ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti yọ sókè. Funfun, rírọ̀, ó gùn tó ìka mi. Láti àná péré. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun.

Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Mi ò sọ ohun tá a jẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹrin

Wọ́n wó ògiri búlọ́ọ̀kù. Wọ́n hú gbogbo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo fọwọ́ wá inú ilẹ̀ tí ẹ̀kẹta wà, mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀, mo ṣì wá a. Gáàsì kúnlẹ̀, ó ń bá mi wá a. Eku kan sá jáde, Rédíò ké láti òkè. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mi ò mọ̀gbà tí ẹ̀rín di ẹkún.

Ọjọ́rú, 24 oṣù Kẹrin

Táyà mọ́kànlélógójì. Erùpẹ̀ ti wọ abẹ́ èékánná mi, kò jáde. Rédíò ti gbà láti máa da omi ìfọṣọ ẹ̀ sí gọ́tà, kì í ṣe sórí òkè wa mọ́. Ó ní Ilé-iṣẹ́ Ojú Mi ti yẹ táyà wò, kò rí ẹ̀fọn kankan. Gáàsì wò mí. Mo wolẹ̀.

Mo bá Màmá gún erùpẹ̀ lónìí, táyà kan náà, èmi lápá kan, òun lápá kejì. Ó ní, "Inú ń bí ẹ sí mi." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ní kí n máa gún un lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 28 oṣù Kẹrin

Ògiri parí. Ìlà mẹ́fà, ó fẹ̀yìn ti òkè bí ẹni tó ń sinmi. Òjò rọ̀ lé e lórí láàárọ̀, omi rọra gba àárín táyà jáde, ó mọ́ kedere. Ibùsùn Hóró ti padà sí yàrá ẹ̀yìn. Mo ṣì ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. N kò rò pé màá jáwọ́.

Ó ku táyà kan péré tí Bàbá Lourival fẹ́ gún, èyí tó wà ní igun òkè pátápátá, bí ibi tí ẹ̀kẹta wà. Mo ní kó jọ̀ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kẹjọ, ọdún méjì bàbá mi nínú ibojì máa pé. Wọ́n á ṣí i. Mo ti kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo sì tún kọ ọ́ síbí. Gáàsì ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ láti ìsinsìnyí. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń gba àyè oṣù Kẹjọ nínú oṣù Kẹrin. Bóyá kóòtù ti jẹrà. Agolo ò ní jẹrà. Eku ò lè jẹ agolo.

Mo ní, "Bàbá, ẹ rọ erùpẹ̀ sí ti igun yẹn, ṣùgbọ́n ẹ má gún un le. Ó di oṣù Kẹjọ."

Ó wò mí. Ó wo igun náà. Bàbá mi àti òun jọ ń fá aṣáà láti ìgbà èwe wọn. Mi ò mọ ohun tó mọ̀, mi ò sì bi í.

Ó ní, "Oṣù Kẹjọ, òjò á ti máa dá." Ó da erùpẹ̀ kún un, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ojú ẹ̀, ó sì gbé igi ìgúnlẹ̀ ẹ̀ kọ́ èjìká.